Ṣé O Mọ̀? Orin Metal Tó Ń Jágbe, Tó Tún Ń Ṣọ̀fọ̀

Ṣé o mọ̀ pé gìtá lásán, tí kò lo iná mànàmáná, ló ṣíde "Chop Suey!", orin metal tí ẹgbẹ́ System of a Down ti Los Angeles gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2001? Ìlù tẹ̀ lé e, gìtá oníná bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, ni Serj Tankian, akọrin wọn, bá ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wàràwàrà bí ẹni da ẹ̀wà sórí páànù. Ṣùgbọ́n bó bá dé ègbè, ohùn kan náà á fà gùn, á dùn, ọ̀fọ̀ á sì kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gìtá kò sinmi lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó mú mi nínú orin yìí nìyẹn: ìbínú kò dúró kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń bínú sí? Daron Malakian, onígìtá wọn, ṣàlàyé pé bí èèyàn ṣe kú làwọn aráyé fi ń ṣèdájọ́ rẹ̀. Ẹni tí oògùn olóró bá pa, wọ́n á ní ó tọ́ sí i. (Ẹni tó bá ti gbọ́ òfófó níbi ìsìnkú rí kò nílò ògbufọ̀.) Orúkọ tí orin náà kọ́kọ́ jẹ́ mẹ́nu ba pípa ara ẹni, ọkàn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde kò balẹ̀, ni wọ́n bá yí i padà. Tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ẹ̀dà kan dáadáa, wàá gbọ́ ẹni tó ń pe orúkọ àtijọ́ ọ̀hún ní sítúdíò.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe orin náà, tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Tankian, Rick Rubin tó ń darí iṣẹ́ náà ní kó fa ìwé kan yọ lórí pẹpẹ. Bíbélì ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ Jésù lórí àgbélébùú ṣe wọ inú orin metal nìyẹn o!

Ṣé o mọ̀ pé ìran Armẹ́níà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ẹgbẹ́ náà? Bàbá àgbà Tankian wà lára àwọn tó yè nígbà tí ìjọba Ottoman pa àwọn ará Armẹ́níà nípakúpa. N kò ní sọ pé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀fọ̀ ohùn rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ní 2015, tí ìpakúpa náà pé 100 ọdún, ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ọ̀fẹ́ ní Yerevan, olú-ìlú Armẹ́níà.

Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, Clear Channel, tó ní ilé-iṣẹ́ rédíò tó ju 1,000 lọ nígbà náà, kọ orúkọ orin náà mọ́ àwọn orin tó dábàá pé kí àwọn rédíò rẹ̀ má ṣe lò. Wọ́n yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Tool ló gbà á. Lónìí, wọ́n ti wo fídíò rẹ̀ ju bílíọ̀nù 1 ìgbà lọ lórí YouTube.

Bí o kò bá gbọ́ ọ rí, wá a gbọ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ lọ.