Àgbàdo Tí A Gbìn Tí Kò Hù

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rin ní Igbogila àti ní gbogbo agbègbè Ìlaròó òun Ayétòrò, olúkúlùkù a máa wá àgbàdo tí yóò gbìn. Ẹlòmíràn a rà á lọ́jà, a gbìn ín, ọjọ́ mẹ́wàá a pé, kò ní rí nǹkan kan lórí ebè. Nígbà náà ni a óò gbọ́ pé ẹyẹ ni ó hú u jẹ, tàbí pé iṣẹ́ ọmọ aráyé ni.

Hóró àgbàdo kì í ṣe òkú ohun. Ọmọ kan ń bẹ tí ó sùn sí ìhà ìdí rẹ̀; ìyókù hóró náà ni oúnjẹ tí a dì fún un. Omi ni í jí i. Hóró náà a fa omi tí ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀, a wú, gbòǹgbò a kọ́kọ́ yọ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni èéhù a gòkè. Bí ooru ilẹ̀ bá wà láàrin 25 àti 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọjọ́ bíi márùn-ún ti tó. Kò bèèrè ìmọ́lẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n omi nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ mí pẹ̀lú. Ẹ bi àwọn ìyá tí ń pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: wọn a rẹ àgbàdo, wọn a ro omi rẹ̀ dànù, wọn a sì fi ewé bò ó kí ó lè hù. Èyí tí a bá gbàgbé sínú omi, rírà ni yóò rà. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ àbàtà í ṣe é. (Ìrẹsì ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.)

Òjò kan ṣoṣo a sì máa tan àgbẹ̀ jẹ. Hóró tí gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ kò lè padà sùn mọ́. Bí ọ̀dá bá dé, ó kú nìyẹn.

Ní ti àgbàdo ọjà, kòkòrò lè ti jẹ ọmọ inú rẹ̀, tàbí kí iná ààrò tí a so ó kọ́ sókè rẹ̀ ti pa á. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ ka 100 hóró, ẹ dì í sínú aṣọ tútù, ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ tú u wò ní ọjọ́ keje. Bí 90 bá hù, ẹ gbìn ín láìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ 50, ẹ fi ìyókù inú àpò ṣe ògì, bí a kò bá ti fi oògùn kòkòrò sí i, kí ẹ sì wá òmíràn kí òjò tó fìdí múlẹ̀.