Kí Ló Ń Mú Kí Ike Há Sínú Mọ́ọ̀dù?

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ọdún 19 ṣe ní Port Harcourt, ìyẹn fífi ẹ̀rọ ṣe korobá àti abọ́ ike. Alesa tí à ń gbé yìí kò jìnnà sí orísun ike. Ilé iṣẹ́ ìfọpo wa àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1965, èkejì ní 1989. Ní Eleme níbí náà ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe hóró ike wà, èyí tí ìjọba tà fún Indorama ní 2006. Àwọn ọmọ wa kan ti ń gbèrò láti ra ẹ̀rọ àlòkù, kí wọ́n fi hóró yìí ṣe ọjà. Nítorí tiwọn ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá tó bá ti se mọ́ín-mọ́ín nínú agolo mílíìkì mọ̀ ọ́n. Bí kò bá fi òróró ra inú agolo, yóò há. Ṣùgbọ́n bí agolo bá tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ti wù kó fi òróró rà á tó, yóò há síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́ọ̀dù ike rí, àfi pé irin líle ni, ó sì ní apá méjì. Èyí tó jìn là ń pè ní abo, èyí tó yọ síta tó ń wọ inú rẹ̀ ni akọ. Ẹ̀rọ á pa méjèèjì dé, á ti ike yíyọ́ tó gbóná tó dìgírì 200 sí 250 sí àlàfo àárín wọn. Omi tó ń gba inú irin kọjá á mú un le. Ẹ̀rọ á ṣí, pínnì tàbí àwo irin á sì ti korobá kúrò lára akọ.

Bí korobá bá kọ̀ tí kò jáde, ewu dé nìyẹn. Ní 1999, ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, korobá há lára akọ lóru. Wọ́n ti fi wáyà so swíìṣì ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ṣí. Wọ́n ní ṣíṣí àti pípa rẹ̀ ń jẹ àkókò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ na ọwọ́ wọlé láti fa korobá náà. Mọ́ọ̀dù pa dé. Ìka méjì lọ. Èmi ni mo dì í mú dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo padà, ohun tí ọ̀gá bi mí ni pé korobá mélòó la ti ṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tí korobá yẹn fi há.

Ike máa ń súnkì bó bá ń tutù. Polypropylene ń fi nǹkan bí 1 sí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún súnkì. Korobá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè dín ní mìlímítà 4 tàbí 5. Ó ń sá kúrò lára abo, ó sì ń fún mọ́ akọ, bí òrùka tó há sí ìka tó wú. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbẹ́ mọ́ọ̀dù kò fi gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Ó yẹ kó dàgẹ̀rẹ̀ ní dìgírì 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún korobá tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, dìgírì 1 yìí ń mú kí ẹnu fi bíi mìlímítà 10 fẹ̀ ju ìdí lọ. Ẹ wo korobá ilé yín, ẹ ó rí i. Òun náà ló jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà lè ki ọ̀kan bọ inú èkejì.

Ohun tí ojú kò rí ni afẹ́fẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ lásìkò òjò wa níbí, tí ẹ bá fẹ́ fà á yọ, ẹrẹ̀ á fẹ́ gba bàtà lọ́wọ́ yín. Bí korobá ṣe ń ṣe lára akọ nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọ abẹ́ ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ìdí korobá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 22 lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó ju kílò 350 lọ. Nítorí náà ni mọ́ọ̀dù tó dára ṣe ń ní ojú ihò kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Bákan náà, akọ tó dán bíi dígí kò dára fún irú ike yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ rò pé ó dára. Ẹ fi sánpépà wẹ́wẹ́ ha á díẹ̀, ní ìhà tí korobá ń gbà jáde, kì í ṣe ní ìbú.

Àwa òṣìṣẹ́ náà ń dá kún un. Bí korobá bá ní kòtò lára, a ó fi agbára kún ẹ̀rọ, ike á wọlé jù, á sì há. Bí iná bá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, ike á ti tutù jù, á ti fún akọ pinpin. Iná lọ lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a tú mọ́ọ̀dù, a tún rí àpá lára akọ. Ní gbogbo ìgbà tí ike bá há, ẹnì kan á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbá a. Ibi tí irin bá ha á di ìkọ́ kékeré, ìkọ́ náà á di korobá tó tẹ̀ lé e mú. Ẹ pa ẹ̀rọ ná, kí ẹ tó fi ọ̀pá idẹ tàbí igi yọ ọ́. Idẹ rọ̀ ju irin mọ́ọ̀dù lọ.

Silicone alágolo tí wọ́n ń fín sí mọ́ọ̀dù, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tún fín in. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí ẹ tẹ orúkọ òun sára korobá, yíǹkì kò ní dì mọ́ ọn. A yọ àpá ara akọ yẹn, a tú ihò afẹ́fẹ́ tí ìpẹtà ti dí, a sì tú wáyà ilẹ̀kùn. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó tún rí korobá tó há.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó fẹ́ ra mọ́ọ̀dù àlòkù, ẹ ní kí wọ́n ṣe korobá 20 lójú yín láì fín nǹkan kan sí i. Ẹ fi èékánná fa ara akọ láti ìdí dé ẹnu. Ibi tó bá ti kọ́ yín, ibẹ̀ ni ike yóò há sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sanwó.