Géètì Méjì Lẹ́nu Iṣẹ́ Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé lẹ́nu àwọn sáìtì ńlá kan ní Amẹ́ríkà níbí, géètì méjì ló máa ń wà, tí pátákó ara wọn sì ń dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ wọlé? Ẹ má rò pé nítorí ọkọ̀ síménti nìkan ni o. Ìjà òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń fà á.

Òfin Taft-Hartley ti ọdún 1947 sọ pé bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ń bá ọ̀gá kan jà, wọn ò gbọdọ̀ fa ọ̀gá mìíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Denver. Agbaṣẹ́ṣe àgbà kan gbé iṣẹ́ iná fún ilé-iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn yòókù. Ní January 1948, ẹgbẹ́ gbé ẹni tó di pátákó mú síwájú sáìtì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò wọlé mọ́. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, agbaṣẹ́ṣe àgbà ní kí àwọn oníná máa lọ. Ní 1951, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ẹgbẹ́ ló jẹ̀bi, pé agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀.

Ibẹ̀ ni èmi ẹnjiníà ò ti lè bá wọn ṣe. Kò sí ohun tó dá dúró lórí sáìtì! Páìpù tí wáyà iná máa gbà kọjá gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ẹni tó ń di irin ń dúró de oníná, ẹni tó máa da kọnkéré ń dúró de àwọn méjèèjì. Bí agbaṣẹ́ṣe kan bá sì ń san owó táṣẹ́rẹ́, owó táṣẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n á fi díwọ̀n iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́la. Ṣé ìjà ẹnì kan nìyẹn?

Ní 1975, Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì ṣe àbádòfin tí ìbá jẹ́ kí ẹgbẹ́ gbé pátákó dúró de gbogbo sáìtì. Ààrẹ Ford ti ṣèlérí pé òun á fọwọ́ sí i. Àwọn agbaṣẹ́ṣe bínú, Reagan náà sì ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Ní January 2, 1976, ó kọ̀ ọ́. John Dunlop, mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kọ̀wé fipò sílẹ̀ lóṣù náà. Wọ́n tún gbé e wá nígbà Carter. Ilé Aṣojú fi ìbò 217 sí 205 dà á nù ní March 1977. Àbádòfin PRO Act, tí ìbá mú ìdènà yẹn kúrò, gba Ilé Aṣojú kọjá ní 2020 àti 2021, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà gbà ní Sẹ́nétì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa máa sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí fi tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn dúdú, títí ìjọba Nixon fi gbé Philadelphia Plan jáde ní 1969 láti fipá ṣí i díẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe dúdú tí kò ní ẹgbẹ́, tó ń wá iṣẹ́ kékeré lábẹ́ ẹni ńlá, ẹ̀rù á bà á bí ẹgbẹ́ bá lè ti gbogbo sáìtì pa nítorí rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Síbẹ̀, tèmi ni pé kí wọ́n gbà wọ́n láyè, kí wọ́n fún ọ̀gá ní ìkìlọ̀ ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ máa wo géètì tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín sí dáadáa. Bí àwọn tí ẹgbẹ́ ń bá jà bá ń gba géètì àwọn yòókù wọlé, ìyàtọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, pátákó sì lè débẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ọkùnrin kan láàárọ̀ kùtù tó jókòó sínú mọ́tò níwájú sáìtì, tó ń ya fọ́tò ọkọ̀ tó ń wọlé.