Ìyá Ọkọ Mi àti Ẹ̀fọ́ Inú Àpò

Ẹ̀yin òbí wa, bí orúnkún kò bá jẹ́ kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ mú ọkọ́ mọ́, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú àpò bí ìyá ọkọ mi ti ń ṣe ní Bódìjà. Ẹ dá ihò sí ìdí àpò kí omi lè máa jò, ẹ po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dà sí i, ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì jókòó bomi rin ín. Ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó ti tó já sọ́bẹ̀.

Ṣùgbọ́n màmá ṣe àṣìṣe kan. Wọ́n ní ẹ̀fọ́ ti tó, wọ́n pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Nígbà tí mo wọn ìfúnpá wọn, 190/110 ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọ́ kò lè rọ́pò oògùn. Bí kíndìnrín bá ń yọ yín lẹ́nu, tàbí tí ẹ bá ń lo warfarin, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè ìwọ̀n ẹ̀fọ́ tí ẹ lè jẹ.