Owó Ìlò Ilẹ̀ àti Ètò Ìṣúná: Ibi Tí Ohùn Ará Ìsàlẹ̀ Èkó Ti Lè Wọlé

Owó ìlò ilẹ̀, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Land Use Charge, ni owó tí onílé ń san fún ìjọba lọ́dọọdún lórí ilé tàbí ilẹ̀ rẹ̀. Ètò ìṣúná ni ìwé tí ìjọba fi ń sọ iye tó retí pé yóò wọlé àti ohun tó fẹ́ ná an sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí owó ilé òun fi gòkè, inú òfin owó ìlò ilẹ̀ àti ìdíyelé ilé rẹ̀ ni yóò ti rí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó tó san wọlé sí, ètò ìṣúná ni yóò wò. Àpérò ìtagbangba ni ìjókòó tí ará ìlú ti lè sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ìgá àwọn ìjòyè, ilé ẹbí àti ilé ìtajà ti fara kọ́ra, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá wàhálà sílẹ̀, ohun kan náà ló sì sábà máa ń fà á: wọ́n á ti dá iye owó kí wọ́n tó bi ẹni tó máa san án.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti díye lé ilé aládàáni kí wọ́n lè gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló máa fòfin la ọ̀nà tí wọ́n máa gbà á. Ṣáájú ọdún 2001, owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn onílé l'Ékòó: tenement rate (owó lórí ilé), ground rent (owó lórí ilẹ̀) àti owó àtúnṣe àdúgbò. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2001, nígbà tí Bola Tinubu jẹ́ gómìnà Èkó, pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ kan. Òfin náà ṣì pe ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àtigba owó ní agbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà á láyè láti fi iṣẹ́ ìṣirò àti ìgbowó lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, bí wọ́n bá ti kọ àdéhùn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé owó ilé tó wà ní Òkè Àrìn fi ń ti Aláúsá, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, wá, tí onílé á sì máa bá alága káńsù rẹ̀ jà lórí iye tí kì í ṣe alága ló kọ ọ́.

Ìṣirò náà kò le tó bí ìwé òfin ṣe mú un dà bíi pé ó le. Wọ́n á wo bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á fi iye tí ilẹ̀ ń tà ládùúgbò náà sọ ọ́ di púpọ̀. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì yọ díẹ̀ kúrò nítorí bí ilé náà ti gbó tó. Àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á fi díwọ̀n owó tí onílé máa san, ohun tí wọ́n ń lo ilé náà fún ló sì ń pinnu ìdíwọ̀n, ìyẹn ìdá tí wọ́n máa gbà nínú àpapọ̀ náà. Láti ọdún 2020, ilé tí onílé nìkan ń gbé ń san 0.0394%; èyí tí onílé àti ayálégbé jọ ń gbé ń san 0.132%, ilé ìtajà ń san 0.394%. Ká ní wọ́n díye lé ilé kan ní Ìdúmọ̀tà ní 50 mílíọ̀nù náírà. Bí ẹbí tó ni ín nìkan bá ń gbé ibẹ̀, 19,700 náírà ni owó rẹ̀ lọ́dún, kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó èyíkéyìí. Bí ẹbí náà àti ayálégbé bá jọ ń gbé ibẹ̀, ó di 66,000. Bí wọ́n bá kà á sí ilé ìtajà, ó di 197,000.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ti yàtọ̀ sí ti Ìkòyí. Ìsàlẹ̀ ilé kan náà lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù oògùn, kí wọ́n kó bélì aṣọ sí àárín, kí ìyá àgbà àti àwọn ọmọ-ọmọ máa gbé òkè pátápátá. Ilé ẹbí sì kì í ṣe ti ẹnì kan: olórí ẹbí tàbí dáwódù lè máa gba owó ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ méjìlélógún máa retí ìpín, kí ó má sì sí ẹni tó gbà pé òun ni ìwé owó náà ń bá wí. Ojú tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi wo irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó wá wọ̀n ọ́n lè sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Òfin yọ ààfin ọba àti ti ìjòyè tí ìjọba mọ̀ kúrò nínú sísan, ó yọ ilé ìjọsìn àti itẹ́ òkú gbogbogbò, ó sì yọ ilé tí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń gbé fúnra rẹ̀. Ìgá Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, àti ìgá àwọn ìjòyè tó yí i ká wọ abẹ́ ààbò yìí. Bí wọ́n bá wá fi ilé bẹ́ẹ̀ háyà fún oníṣòwò, ààbò náà kò sí mọ́.

Ìtàn fi hàn pé ará Ìsàlẹ̀ Èkó kì í gba owó tí wọn kò bá wọn sọ. Lọ́dún 1908, Gómìnà Walter Egerton fẹ́ kí Èkó san owó omi ẹ̀rọ. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti ta kò ó. Ohun tí wọ́n sọ yéni: ará ìlú ní kànga, ibùgbé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ náà máa kọ́kọ́ dé, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ará ìlú dìbò yàn nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin. Ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ omi Ìjù bó ti wù ó rí, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ́dún 1915. Nígbà tí ìwé owó omi dé ọwọ́ onílé lọ́dún 1916, rògbòdìyàn bẹ́. Àwọn èèyàn tọ ọba Èkó, Èṣùgbàyí Elékòó, lọ, Herbert Macaulay sì di ohùn wọn. Omi mímọ́ dára, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Àìsí ìjókòó tí wọ́n ti lè bèèrè iye tó máa náni àti ẹni tó máa kọ́kọ́ mu ún ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ọdún 1923 ni Èkó tó kọ́kọ́ dìbò yan ẹni tó máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Àwọn obìnrin kò ní ìbò nígbà náà. Nígbà tí ìjọba sọ lọ́dún 1940 pé obìnrin tó bá ń pa ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún máa san owó orí, Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wúrà, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó, kó ogunlọ́gọ̀ obìnrin lọ bá ìjọba ní oṣù December. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìjọba gbé òṣùwọ̀n náà sókè, owó orí náà sì fo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn dá.

Wàhálà ọdún 2018 ló sún mọ́ wa jù. Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin owó ìlò ilẹ̀ tuntun ní oṣù February ọdún náà. Nǹkan méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdíwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ti ilé ìtajà bọ́ sí 0.76%, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye tí ilé lè tà lọ́jà díye lé e. Nígbà tí ìwé owó jáde, àwọn agbẹjọ́rò, oníléeṣẹ́ àti onílé fárígá. Ní oṣù March, kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó, Akinyemi Ashade, kéde pé wọ́n ti gé ti ilé ìtajà sí ìdajì. Ní 2020, lábẹ́ Gómìnà Babatunde Sanwo-Olu, wọ́n dá ìdíwọ̀n padà sí ti ìṣáájú 2018, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀nà ìdíyelé ti 2018 sílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀: bí ilẹ̀ bá ń gbówó lórí ládùúgbò, owó onílé lè gòkè láì jẹ́ pé aṣòfin kankan gbé ìdíwọ̀n sókè.

Ní ti ètò ìṣúná, abala 121 ìwé òfin pàṣẹ pé kí gómìnà gbé àbá rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣúná máa ń pe àpérò ní agbègbè, àwọn aṣòfin náà sì máa ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará agbègbè ìdìbò wọn. Lagos Island, níbi tí Ìsàlẹ̀ Èkó wà, ní méjì nínú ogójì agbègbè ìdìbò ilé náà. Àwọn ìpàdé wọ̀nyí kì í ṣe lásán, torí àbá lè yí padà kó tó di òfin. Ní November 2024, Sanwo-Olu gbé àbá 3.005 tirílíọ̀nù náírà lọ fún ọdún 2025. Èyí tó fọwọ́ sí ní January 2025 jẹ́ 3.366 tirílíọ̀nù. Owó tó lé ní 360 bílíọ̀nù wọlé sínú ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àsìkò yẹn ni gọ́tà àdúgbò lè rí àyè nínú ìwé, tàbí kó pàdánù rẹ̀.

Káńsù náà ní ètò ìṣúná tirẹ̀, tí alága ń gbé síwájú àwọn káńsùlọ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti Àbújá máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ìbéèrè ará ìlú níwájú àwọn káńsùlọ̀ wá wúwo sí i.

Àwọn ọmọ Èkó tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà, mọ ètò mìíràn. Bí kaunti kan níbẹ̀ bá fẹ́ dá ìdíwọ̀n tó máa mú owó wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nítorí pé ilé ti gbówó lórí, òfin kà á sí fífi owó kún owó, àní bí ìdíwọ̀n fúnra rẹ̀ kò bá yí padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n sì ṣe àpérò ìtagbangba mẹ́ta kí wọ́n tó dìbò. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni Èkó nílò, nítorí pé ìdíyelé ni owó ń gbà gòkè níhìn-ín báyìí. Ó sì yẹ kí ìjókòó náà máa wáyé lórí Erékùṣù Èkó, ní ìrọ̀lẹ́, torí ìyálọ́jà kò lè ti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kó gba orí afárá lọ sí Aláúsá.

Fún ìgbà yìí, ohun tó ń ran ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ jù lọ ni ìwé owó ilé tirẹ̀. Kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwọ̀n ilẹ̀ àti ti ilé tó wà níbẹ̀ bá òtítọ́ mu, kó sì wo ìsọ̀rí tí wọ́n fi ilé náà sí. Àpérò kò lè yí owó ilé kan padà. Òfin àti ètò ìṣúná ni àpérò lè yí padà. Onílé tí wọ́n bá ṣe àṣìṣe nínú ìṣirò owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó fi ìwé owó ránṣẹ́, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí òfin owó ìlò ilẹ̀ dá sílẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìdíyelé, kí àkókò tí òfin fún un tó pé.