Ẹja Kékeré Tí Ń Jẹ́ Orúkọ Jos

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ sin ohun ẹlẹ́mìí nínú omi kọ́kọ́ wo ìlú tí ó ń gbé, kí ó tó pinnu ohun tí yóò sìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní Tudun Wada ní ìlú Jos, tí wọ́n ti rí àwòrán àpótí gíláàsì tí omi òkun kún inú rẹ̀, tí àwọn ohun aláràbarà ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ nínú rẹ̀ bí òdòdó nínú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń béèrè bóyá àwọn náà lè ní irú rẹ̀ nínú pálọ̀ wọn.

Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Èyí tí ó rọrùn jù ú lọ, tí ó sì bá ìlú náà mu, ń bẹ nínú àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Plateau fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n.

Ìbátan iyùn ọrùn wa

Ohun tí ó jọ òdòdó nínú àwòrán náà kì í ṣe òdòdó rárá. Ẹranko ni, ìbátan iyùn tí àwọn ọba àti àwọn ìyàwó ń fi sí ọrùn sì ni. Iyùn pupa tí àwọn baba ńlá wa ń rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò jẹ́ eegun ẹ̀dá kékeré kan tí ń gbé nínú Òkun Mẹditaréníà, tí ó ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ yí ẹnu rẹ̀ ká. Iyùn rírọ̀ tí a ń sìn nínú gíláàsì ní irú ọwọ́ mẹ́jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní eegun líle. Ara rẹ̀ rọ̀ bí awọ tí a rẹ sínú omi. Nínú ẹran ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ewé omi tí ojú lásán kò lè rí fi ṣe ilé, àwọn ni wọ́n sì ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Òun ni a máa ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ń fara da ìyípadà omi ju iyùn eléegun lọ.

Ṣùgbọ́n omi òkun ni ó ń fẹ́, Jos sì jìnnà sí òkun ju 500 kìlómítà lọ. Ẹni tí yóò po omi òkun fún àpótí kékeré tí ó gba lítà 40 níláti wá iyọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò sì ṣe é lò, nítorí pé oríṣiríṣi èròjà mìíràn ni ó wà nínú omi òkun tí kò sí nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Omi náà níláti wà láàárín ìwọ̀n 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru. Bẹ́ẹ̀ ni Jos ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, òtútù òru ìgbà ọyẹ́ níbẹ̀ kì í sì í ṣe ohun àfẹnusọ. Ọyẹ́ kan náà a tún máa fa omi gbẹ. Bí omi bá sì ti ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ, àfi kí a máa fi omi tí kò ní iyọ̀ dí i lójoojúmọ́. Bí iná mànàmáná bá tún wá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná yóò dákẹ́, owó ńlá yóò sì ṣègbé.

Ẹja tí ayé mọ̀

Ní ọdún 1911, George Albert Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní London, kọ àkọsílẹ̀ nípa ẹja kékeré kan láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Fundulopanchax gardneri ni àwọn onímọ̀ ń pè é báyìí. Kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 6 lọ. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ aró tí ń dán gbinrin, pẹ̀lú àmì pupa wínníwínní káàkiri ara rẹ̀. Abo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀ṣọ́. Nàìjíríà àti apá ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù ni ibùgbé rẹ̀.

Àwọn tí ń sin ẹja yìí ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà a máa fi orúkọ ibi tí a ti mú ìran kọ̀ọ̀kan pè é. Nínú àkọsílẹ̀ wọn ni a ti rí ìran “Jos Plateau”, ìran “Rayfield”, ìran “Lafia” àti ìran “Makurdi”. Ibẹ̀ náà ni a sì ti rí ìran “Akure”. Ẹ ò rí i pé ẹja kan náà ni ó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ti wá, àti orúkọ ilẹ̀ tí a fi ṣe ibùgbé! Àwọn olùsìn náà kì í jẹ́ kí ìran méjì pò mọ́ ara wọn, kí ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan má baà sọnù. Wọ́n a sì máa fi ẹyin rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn láti ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí pé ẹyin náà lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ohun tí ó tutù díẹ̀, láìsí nínú omi.

Omi ni a kọ́kọ́ ń sìn

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níláti mọ̀ pé omi ni a kọ́kọ́ ń sìn, kí a tó sin ẹja. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa di oró tí a ń pè ní amóníà. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iyanrìn àti òkúta, ni wọ́n ń sọ oró náà di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu mọ́. Nínú àpótí tuntun, àwọn kòkòrò wọ̀nyí kò tíì pọ̀ tó, ó sì lè gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹja tí a kó sínú omi tuntun lónìí fi ń kú ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Kì í ṣe ọwọ́ ayé; omi ni kò tíì gbó.

Nítorí náà, kí a fọ iyanrìn mọ́, kí a gbin ewé omi, kí a da omi sí i, kí a máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀díẹ̀ sí i kí àwọn kòkòrò náà lè rí ohun jẹ, kí a sì ní sùúrù. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, kí a gbé e kalẹ̀ nínú garawa láìdé e fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí oògùn tí a fi pa kòkòrò inú rẹ̀ lè fò lọ. Bí ó bá jẹ́ lọ́wọ́ mẹ́ruwà ni a ti rà á, kí a béèrè ibi tí ó ti pọn ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo omi inú kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀, nítorí ohun tí ó lè wà nínú rẹ̀. Kí a má sì ṣe rán ọmọdé lọ síbẹ̀, nítorí omi náà jìn.

Bí omi bá ti gbó, akọ kan pẹ̀lú abo méjì tàbí mẹ́ta tó fún lítà 40, nítorí pé akọ méjì a máa bá ara wọn jà. Kí a fi ìdérí dé àpótí náà dáadáa, nítorí ẹja yìí mọ̀ ọ́n fò. Bí ẹja kò bá pọ̀, tí ewé sì pọ̀, kò fi dandan bèèrè ẹ̀rọ. Tanwíji tí ì bá di ẹ̀fọn nínú àgbàlá wa jẹ́ oúnjẹ àdídùn fún un. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí a bu ìdá kan nínú márùn-ún omi náà kúrò, kí a sì fi èyí tí ó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, kí a gbé àpótí náà jìnnà sí fèrèsé, kí a sì fi kúbùsù bò ó lóru.

Abo a máa yé ẹyin sára ewé, tàbí sára òwú ìhunṣọ tí a bá so rọ̀ sínú omi. Bí a bá ṣa ẹyin náà sínú àwo mìíràn, yóò pa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ohun tí a lè pàdánù

Iṣẹ́ ìwakùsà tánganran, tí ó gbilẹ̀ ní Jos láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ti yí ipa ọ̀pọ̀ odò padà. Pàǹtírí àti omi ọṣẹ sì ń wọ inú àwọn tí ó kù. Ìran ẹja tí ó jẹ́ ti odò kan lè parẹ́ bí odò náà bá bàjẹ́. Ohun ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ó bá di pé inú yàrá àlejò kan ní Jámánì nìkan ni a ti lè rí ẹja tí ń jẹ́ orúkọ Rayfield.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹja yìí ní odò, kí ó gba àyè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, kí ó mú ìwọ̀nba díẹ̀, kí ó kọ orúkọ odò náà sílẹ̀, kí ó má sì ṣe da ẹja odò kan sínú òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni a bí sí Jos, ìlú náà sì ni ilé tí wọ́n mọ̀. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ẹja odò Plateau láti kékeré yóò mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a da pàǹtírí sínú odò, a kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ẹgba kọ́ ọ.