Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ò tó nínú yàrá iṣẹ́ abẹ

Ọ̀rọ̀ tó le láàárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn la máa gbé yẹ̀ wò lónìí. Mi ò sọ ti dókítà àti aláìsàn o, ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó rí i pé ohun tí ọ̀gá dókítà ń ṣe lọ́wọ́ lè gba ẹ̀mí, tó sì gbọ́dọ̀ la ẹnu, òun ni mo ń sọ. Mo sì ń sọ ti ọ̀gá náà, torí iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ le ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2005, obìnrin kan tó ń jẹ́ Elaine Bromiley lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan ní imú. Ẹni ọdún 37 ni, ọlọ́mọ méjì. Wọ́n fún un ní oògùn oorun tán, ni ọ̀nà èémí rẹ̀ bá dí. Dókítà fẹ́ ki rọ́bà èémí bọ̀ ọ́ lọ́fun, kò wọlé. Wọ́n fi ìbòmú fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò lọ. Níkẹyìn, ọ̀gá dókítà mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí ọmọ àná nínú wọn. Síbẹ̀ wọ́n ṣáà ń ki rọ́bà, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n tún ń kì í. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Wọ́n ti gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń dá ihò sí ọrùn wá, nọ́ọ̀sì sì sọ fún àwọn dókítà pé ó ti wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì mìíràn ti pe ICU pé kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀. Nígbà tó sọ fún wọn, wọ́n wò ó bí ẹni tó ń ṣe àṣejù, ló bá pe ICU padà pé kí wọ́n fi sílẹ̀. Elaine kò jí mọ́. Ọjọ́ 13 lẹ́yìn náà ló kú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, díẹ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, àwọn ò kàn mọ bí àwọn ṣe máa sọ ọ́.

Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ìmọ̀ ò wọ́n nínú yàrá yẹn rárá. "Ohun èlò náà ti wà níbí o": òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Odidi rẹ̀ ni: "Rọ́bà yìí ò wọlé. Ẹ dá ihò sí ọrùn rẹ̀ báyìí."

Àwa Yorùbá fẹ́ràn àbọ̀ ọ̀rọ̀. A ní òun là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Òwe yẹn dára nínú ilé, ó dára láàárín àna àti àna. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dénú ẹni ná. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́fun aláìsàn, tí ojú rẹ̀ ń wo ibì kan ṣoṣo, tí ẹ̀rọ ń ké pì-pì-pì sí i létí, níbo ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa gbà wọlé sí i?

Ọkọ Elaine, Martin Bromiley, awakọ̀ bàálù ni, ó sì mọ ohun tó rí, torí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn. Ní Tenerife, lọ́jọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, nínú kùrukùru, bàálù KLM fẹ́ gbéra. Ẹnjiníà tó wà nínú rẹ̀ béèrè bóyá bàálù Pan Am ò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀ fi ìdánilójú dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà ò tún béèrè mọ́. Èèyàn 583 ló kú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ nínú bàálù bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ gbangba fún ọ̀gá, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń gbọ́.

Ilé ìwòsàn náà ti mú un lò. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ kan wà tó ń jẹ́ TeamSTEPPS, tí ìjọba ibẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2006. Ó ní gbólóhùn mẹ́ta tó ń le sí i. Àkọ́kọ́: "Ọkàn mi ò balẹ̀." Bí wọn ò bá gbọ́: "Ohun tí a ń ṣe yìí ò bá mi lára mu." Bí wọn ò bá tún gbọ́: "Ewu lèyí fún aláìsàn." Gbogbo wọn ti jọ fẹnu kò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ débẹ̀, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Lójú tèmi, àdéhùn yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀, ju gbólóhùn fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ní kò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa, pé ìwọ̀sí ni. Mi ò gbà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Oògùn yẹn ti pọ̀ jù fún ọmọ yìí." Ìwọ̀sí wo ló wà níbẹ̀? "Ẹ" ti gbé ọ̀wọ̀ dání. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni "sà, ṣé kì í ṣe pé, àbí bóyá ká tún..." títí abẹ́rẹ́ fi wọlé.

Ó wá ku ọ̀gá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ohùn lórí kọ̀ǹpútà, etí mi sì ti mọ ẹni tó ń gbọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń dúró de àyè láti sọ tirẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́, "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn" rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. (Mo máa ń gé e kúrò. Ẹ ò mọ iye ẹn-ẹn tí mo ti jù nù!) Kí ọkàn wà níbi tí ara wà, bó ṣe rí ní wọ́ọ̀dù nìyí: tí ọwọ́ bá ṣeé dá dúró, dá a dúró. Kọjú sí ẹni náà, pè é lórúkọ, tún ohun tó sọ sọ fún un. "Sísítà, mo gbọ́ yín. Ẹ ní rọ́bà ò wọlé, ká dá ihò sọ́rùn." Bí o ò bá gbà, sọ ìdí rẹ̀ síta kí gbogbo yàrá gbọ́. Kò gbà ju ìmí mélòó kan lọ.

Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí àjọ WHO gbé jáde lọ́dún 2008 tiẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ara. Àwọn kan ka ìyẹn sí eré. Èmi rò pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ti jáde lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣòro fún un láti tún la ẹnu.

Ti ẹ̀yìn iṣẹ́ ò gùn: ẹ má bára yín wí lójú àwọn ará ilé aláìsàn. Ẹ wá ibi jókòó, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí "mo rí i pé", kì í ṣe "bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn".

Lọ́dún 2007, Martin Bromiley dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ yìí, Clinical Human Factors Group. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní ohun tóun fẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gbọ́ wa, gbólóhùn wo lẹ fi ń dá ọ̀gá dúró ní wọ́ọ̀dù tiyín? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́, ẹ má dárúkọ ilé ìwòsàn. A máa gbé díẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.